Ẹ̀jẹ́ Tí Àjíkẹ́ Fi Ọwọ́ Ọmọ Rẹ̀ Jẹ́

Aṣọ funfun nọ́ọ̀sì wà lára ìṣó nínú yàrá Àjíkẹ́, nínú ọ̀rá tí alágbàfọ̀ fi wé e, níbi tí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn kò ti lè ṣe kó má rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mujeebah ọmọ rẹ̀ ṣe ìdánwò àbáwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó mú un. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn kò pe orúkọ rẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n pè é, wọ́n sì tún ní ààyè ti kún. Lọ́dún kẹta, Àjíkẹ́ ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó ta nínú aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì bá ọmọ náà rìn dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, ó jókòó sábẹ́ igi kan níbẹ̀ títí ó fi jáde.

Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, orúkọ Mujeebah ti ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn ará agbo ilé wọn ní Ìwó. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ń gbé ẹsẹ̀ tó wú, ojú tó pọ́n àti ọmọ tó ń wúkọ́ wá bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ní ọjà Odò-Ọ̀rì, níbi tí Àjíkẹ́ ti ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo, Ìyá Nọ́ọ̀sì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí, òun náà a sì máa rọra dáhùn, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n fi bí òun ni.

Ọmọ méjì ni ó ti sin kó tó bí Mujeebah. Ní ọjọ́ tí ó ń rọbí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣú, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí kò mọ̀ rí sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ. Orí ibùsùn yẹn ni Àjíkẹ́ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́hun bá dá ọmọ yìí sí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó tún un sọ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ààfáà Sirajudeen, gbogbo àwọn tó jókòó sì ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó yẹ kí Mujeebah padà sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún kẹta, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó wá kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n rò pé àdúrà ìrìnàjò ló wá gbà.

"Bàámi, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́."

Tẹ̀sùbáà tó ń yí lọ́wọ́ Mùkáílà, bàbá rẹ̀, dúró.

"Ibo ni o ò ní padà sí?" Àjíkẹ́ béèrè.

"Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, Màámi."

"Ṣé olùkọ́ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu ni?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé o fìdí rẹmi ni? Bí o bá fìdí rẹmi, a ó tún un ṣe. Kì í ṣe ìwọ làkọ́kọ́."

"Mo yege. Inú mi ni kì í sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n dúró ti aláìsàn, ẹ̀rù á kọ́kọ́ máa bà mí. Tí ẹ̀rù bá lọ tán, màá kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi á máa wo fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń bá mi sọ, mi ò ní gbọ́ ọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í bá a dúró síbi tí ẹ̀mí èèyàn wà, Màámi, ọjọ́ kan ni yóò pa èèyàn."

"Iṣẹ́ wo ni ọkàn rẹ wá ń bá ọ dúró sí?"

Ojú Mujeebah lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ojú àwọn òbí rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Lẹ́bàá ògiri níbẹ̀, àwọn ọ̀rá dúdú tí wọ́n rọ erùpẹ̀ kún tò lọ, igi ọsàn kékeré sì yọrí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ìsinmi kan ni Mujeebah lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà, tó bá ìyá ọ̀rẹ́ náà níbi tó ti ń fi abẹ la èèpo igi ọsàn kíkan, tó ń ti ojú ẹ̀ka ọsàn dídùn bọ inú rẹ̀, tó sì ń fi ọ̀rá dì í kí méjèèjì lè lẹ̀ mọ́ra di igi kan. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú. Láti ìgbà náà, bó bá ti gba ìsinmi, Olúpọ̀nnà ló ń gbà lọ. Èékánná rẹ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ là, orin a sì máa wà lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń bọ̀. Ọwọ́ tó máa ń gbọ̀n bó bá mú abẹ́rẹ́ kì í gbọ̀n bó bá mú abẹ ọsàn. Ìyá rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀. Eré ìsinmi ló pè é.

"Ọsàn," ni Àjíkẹ́ wí. "Ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí, ọsàn ló fẹ́ máa tà ní títì."

"Mi ò ní máa ta ọsàn, Màámi. Mo fẹ́ máa tọ́jú igi rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ń wá a láti Kuta, wọ́n ń wá a láti..."

"Ẹ̀jẹ́ ni." Ohùn Àjíkẹ́ kò ròkè. Ó tilẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ìwọ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ́. Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́hun tí kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, wọ́n á gba nǹkan náà padà. Bí wọn ò bá gba ìyẹn, wọ́n á gba òmíràn dípò rẹ̀."

"Àjíkẹ́," ni Mùkáílà wí. Káfíńtà ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí í fi ojú wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ayùn kàn án, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí yóò fi rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ìyàwó rẹ̀ ti dìde.

Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé ọ̀rá kìn-ín-ní, ó rọra gbé e bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná, ó rìn dé etí gọ́tà, ó sì dà á sínú rẹ̀. Ó padà wá gbé èkejì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Mujeebah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá, ó ń gbọ́ bí erùpẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú omi.

"Ó tó, Àjíkẹ́," ni Mùkáílà wí láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tó fẹ́ kó tó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọ gọ́tà tán, Àjíkẹ́ ṣan ọwọ́, ó lọ jí Bàrákàt, àbíkẹ́yìn rẹ̀, pé kó dìde kó múra ilé-ìwé. Bàrákàt kò dìde. Orí ti ń fọ́ ọ láti àná, ó sì ti sùn láìjẹun. Àjíkẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níwájú orí, ó sì yára gbé ọwọ́ náà kúrò, bí ẹni tó fọwọ́ kan ààrò.

Ó yíjú sí Mujeebah, ìbínú sì ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni ó ba Mujeebah lẹ́rù ju ìbínú lọ.

"O rí i," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ̀jẹ́ náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí oòrùn là."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó kúrò nínú yàrá dé ìdí ẹ̀rọ omi. Kí wọ́n tó dín àkàrà àárọ̀ tán ní ojúlé kejì, àwọn obìnrin tó ń pọn omi ti gbọ́ pé Nọ́ọ̀sì kọ ilé-ìwé. Ọ̀kan ní ó ti lóyún ni. Èkejì ní kò lóyún, pé ọmọ tó bá kọ aṣọ funfun, aṣọ ọkùnrin kan ló ti wọ̀ níbòmíràn. Ẹni kẹta ní kí wọ́n dákẹ́, pé Bàrákàt ń ṣàìsàn, pé ẹ̀jẹ́ ló ń jà. Wọ́n dákẹ́ lóòótọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rántí ohun tó ti bá Ọlọ́hun sọ ní ọjọ́ ìnira rẹ̀.

Ìyá Àdúrà, tó ń dín àkàrà lójúlé kejì, ni ó kọ́kọ́ wọlé. Kìrìsìtẹ́nì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, kò sì sí ọmọ kan nínú agbo ilé náà tí kò tíì pọ̀n rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Bàrákàt.

"Èyí gbóná o. Nọ́ọ̀sì, kí lo jókòó ń wò? Fún un lábẹ́rẹ́. A kì í jókòó sétí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́."

"Ilé ìwòsàn ni ká gbé e lọ, mà," ni Mujeebah wí.

"Ilé ìwòsàn tó wà nínú ilé ńkọ́?"

"Mi ò mọ irú ibà tó ń ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Ìyá Àdúrà wo Àjíkẹ́. "Ọdún méjì ni ẹ fi rán an ní ilé-ìwé, Ìyá Nọ́ọ̀sì, kò mọ ibà. Àwa tí a ò lọ, a mọ̀ ọ́n."

Àjíkẹ́ kò gbọ́ ọ. Mùkáílà ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń wí pé kó lọ pe Ààfáà Sirajudeen, kí ó wá gbàdúrà sí ọmọ náà lórí. Wọ́n ti gbọ́ pé Ààfáà lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kuta. Mùkáílà yọ owó nínú àpótí, ó kó o sí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ti ilé ìwòsàn nìyẹn. Bí mo bá pẹ́, ẹ má dúró dè mí."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Ó mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló yẹ kí òun kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ tí kò lè sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò mọ̀ rárá.

Bí Ìyá Àdúrà ti padà sídìí àkàrà rẹ̀, tó ku àwọn nìkan, Àjíkẹ́ wọ yàrá, ó mú aṣọ funfun kúrò lára ìṣó, ó ya ọ̀rá ara rẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú Mujeebah lórí apá méjèèjì.

"Wọ̀ ọ́."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ."

"Wọ̀ ọ́, kí o dúró níwájú rẹ̀, kí o sọ pé o ó padà. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Mujeebah. Mo mọ bí méjì ṣe lọ. Báyìí náà ló bẹ̀rẹ̀."

"Ibà ni, Màámi. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sí i lára."

Nígbà náà ni Àjíkẹ́ kúnlẹ̀. Orókún méjèèjì ni ó fi lélẹ̀, níwájú ọmọ tí ó bí nínú ara rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun náà lápá. Mujeebah kò tíì rí irú rẹ̀ rí, kò sì gbọ́ pé ẹnì kan rí irú rẹ̀ kó tún bá ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Ó dojú bolẹ̀ kíákíá, ó nà gbalaja, kí orí òun lè wà nísàlẹ̀ ju ti ìyá òun lọ.

"Ẹ dìde, Màámi. Ẹ dìde, ẹ má pa mí. Màá wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó sì sọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ní kí ó sọ ọ́: pé òun gbà, pé òun yóò padà lọ́la, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni òun yóò ṣe títí ọjọ́ ayé òun. Àjíkẹ́ kò wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ojú Bàrákàt ni ó ń wò.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí òógùn fi bo ọmọ náà. Ara rẹ̀ tutù díẹ̀. Ó la ojú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

"Àlùhámúdùlílááhì," ni Àjíkẹ́ wí, ó sì jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Màámi, ibà a máa sọ̀ kalẹ̀ kó tún gòkè. Ẹ jẹ́ ká lo àsìkò yìí gbé e lọ."

"Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un sọ̀ kalẹ̀? Ṣé ilé ìwòsàn ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lọ. Àjíkẹ́ po ògì, ó fi ṣúgà sí i, ó fún Bàrákàt mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù Mujeebah. Ó di gààrí, ó dín ata, ó fọ ìgò tí yóò kó o sí. Owó tí Mùkáílà fi sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn, ó fi kún owó ọkọ̀. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó ń kọrin wákà kan lábẹ́ ahọ́n. Mujeebah jókòó ti ibùsùn nínú aṣọ funfun tó ti ń fún un lápá, ó ń wo ètè àbúrò rẹ̀ tó ń gbẹ, ó ń wo ojú rẹ̀ tó ń yí sókè bó bá sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún sọ pé kí wọ́n lọ. Ní ìgbà kejì, ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé o fẹ́ yí ọ̀rọ̀ rẹ padà ni?" Mujeebah sì dákẹ́, nítorí kò mọ̀ mọ́ bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà. Ohun tó burú jù nìyẹn. Òun tó kà nípa ibà nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ òun ni yóò pa á.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, ara Bàrákàt le gbagidi. Eyín rẹ̀ pàdé, funfun ojú rẹ̀ nìkan ló kù, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí já.

Igbe Àjíkẹ́ ló kó agbo ilé wọlé. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹnì kan ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Ìyá Àdúrà ti sáré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lójú ọ̀nà, ó sì ti sáré dé, abẹ́rẹ́ àti ìgò oògùn kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbà. Aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ. Gún un."

Mujeebah gbà á. Gbogbo ilé ń wo aṣọ funfun náà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tó pé pérépéré, ìgbàgbọ́ yìí sì ni ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ibi ìsìnkú ní àwọn ìlú wa, tí a óò sì tún máa sọ pé bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́ ẹ ni. Ó wo ìgò náà. Kò mọ iye tí ọmọ tó kéré tó Bàrákàt lè gbà. Kò tilẹ̀ dá a lójú pé oògùn gìrì ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu abẹ́rẹ́ fi ń kan ara ìgò, tó ń dún tin, tin.

Ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Àdúrà, ó sì pa ìka obìnrin náà dé lé e.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n bí ti báwo?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wá kẹ̀kẹ́."

Ó yí Bàrákàt sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ má bàa há a lọ́fun, ó yọ ṣíbí kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ó sì gbé ọmọ náà. Ẹnu ọ̀nà ni ó ti bá ìyá rẹ̀, tí ó dúró gbọn-in, tí kò yà.

"Ó ti wọ̀ ọ́," ni Àjíkẹ́ ń wí fún ẹni tí kò sẹ́ni tó rí i. "Ó ti wọ aṣọ náà. Ó ti sọ ọ́. Kí ló tún kù?"

Ìyá Àdúrà ló fi èjìká yà á kúrò lọ́nà, tó sì fà á lọ́wọ́ wọ kẹ̀kẹ́.

Ọ̀nà náà kún fún kòtò. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹni tó wọ funfun, ara sì tù ú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Nọ́ọ̀sì wà nínú ọkọ̀." Mujeebah fi ìka sábẹ́ imú àbúrò rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi dé.

Ní ilé ìwòsàn, ọkùnrin kan tí kò ga, tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti pàwọ̀ dà, gba Bàrákàt lọ́wọ́ wọn kó tó béèrè orúkọ. Nọ́ọ̀sì ni, Abọ́dúnrìn ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ti fi nǹkan sí i nímú, ó sì ti ń wá iṣan lápá rẹ̀ kí Àjíkẹ́ tó rí ibi jókòó. Láìwòkè, ó bá Mujeebah sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Sísítà, ẹ bá mi bọ́ sí apá kejì, kí ẹ wá iṣan níbẹ̀."

Mujeebah wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọkùnrin náà.

"Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì ti fi í sílẹ̀."

Àjíkẹ́ gbọ́ ọ. Ó pa ojú dé, ó ń dúró de ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí Bàrákàt.

"Ó dára tí ẹ sọ ọ́," ni Abọ́dúnrìn wí. "Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì yìí sí i. Bàrákàt, ṣé o ń gbọ́ mi? Iṣan rẹ yìí ń bá mi ṣe bojúbojú o. Mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Jẹ́ kí n mú un." Ó mú un. Ara ọmọ náà já lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rọ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ibà ni, ó sì ti gun orí. Oníṣègùn wá, ó kọ oògùn, ó lọ. Abọ́dúnrìn ni kò lọ. Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì, dòdò náà ti tutù. Yóò bù ú lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún padà wá wo bí omi ṣe ń kán, yóò ṣí ìpéǹpéjú ọmọ náà wò, yóò tún sọ àpárá kan fún ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti dé, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, síbẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀. Àjíkẹ́ ń wò ó. Láti ìgbà tí ó ti bí Mujeebah, kò tíì rí irú ọwọ́ yẹn mọ́.

"Ọmọ mi," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ta ló fi yín jẹ́ ẹ̀jẹ́?"

"Ẹ̀jẹ́ bí ti báwo, Ìyá?"

"Ta ló ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí?"

Abọ́dúnrìn rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é o. Bàbá mi ní kí n wá máa bá àwọn ta pákó, pé iṣẹ́ obìnrin lèyí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gba ìkíni mi."

"Kò sì sú yín?"

"Ó ń sú mi dáadáa, Ìyá. Bí ẹ bá bá mi lórí àga yẹn níbi tí mo ti ń han-anrun, ẹ má jí mi. Àmọ́ tí mo bá délé, mo tún máa ń rò ó pé kí ni ẹni báyìí ń ṣe báyìí."

Àjíkẹ́ tún ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí Mùkáílà àti Ààfáà Sirajudeen dé. Ó pẹ́ kí Mùkáílà tó rí Ààfáà ní Kuta, wọ́n sì ti kọ́kọ́ gba ilé. Ààfáà gbàdúrà sí orí Bàrákàt, ó jáde wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó sì gbọ́ ohun gbogbo lẹ́nu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọsàn, aṣọ, ìkúnlẹ̀, owó ọkọ̀.

"Àjíkẹ́, bí o bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé o ó gbààwẹ̀, ikùn ta ni ebi yóò pa?"

"Ikùn mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí o bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé o ó pa àgbò?"

"Àgbò mi ni."

"Ọwọ́ tí o ní yóò ṣe nọ́ọ̀sì, ta ló ni ín?"

Àjíkẹ́ wo Mujeebah, tí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri nínú aṣọ funfun tó ti rẹ fún itọ́ àti òógùn àbúrò rẹ̀.

"A kì í fi ohun olóhun jẹ́ ẹ̀jẹ́," ni Ààfáà wí. "Ẹ̀jẹ́ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rí."

"Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ṣe àmín."

"Mo ṣe é." Ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀. "Òkú ọmọ méjì ló wà lójú gbogbo wa nígbà náà. Mo ṣe àmín nígbà tó yẹ kí n ní kí o dákẹ́. Bí mo bá gbé tèmi délé, n ó rò ó. Ìwọ ní tìrẹ, kàfárà, ìtanràn ẹ̀jẹ́ tí a kò mú ṣẹ, wà fún un: bọ́ ènìyàn mẹ́wàá tí kò ní. Má fún wọn lówó. Irú oúnjẹ tí ò ń sè fún àwọn ọmọ rẹ ni kí o sè, má mú èyí tó burú nínú rẹ̀."

"Bí mo bá ti bọ́ wọn, Bàrákàt á yè?"

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Kàfárà kì í ṣe oògùn ibà. Àṣìṣe tí o ṣe láàárọ̀ nìyẹn, o tún fẹ́ ṣe é nírọ̀lẹ́."

Ìyá Àdúrà, tó ti jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì láti ọ̀sán, ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó sì lọ sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí.

"Àwọn ọsàn náà ńkọ́?" Àjíkẹ́ bi ọkọ rẹ̀, láìwo ojú rẹ̀. "Ṣé ó ṣì ṣeé kó nínú gọ́tà?"

"Mo wò ó bí a ti ń kọjá," ni Mùkáílà wí. "Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

Mujeebah gbọ́ ọ. Ó yíjú sí ògiri.

Wọ́n ti ń pe ìrun Màgáríbì nígbà tí Abọ́dúnrìn yọjú. Ọmọ náà ti la ojú, ó ní, ó sì béèrè omi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì dúpẹ́. Òru yìí ni kí wọ́n ṣọ́. Bí gìrì kò bá tún mú un kí ilẹ̀ tó mọ́, òun yóò lè bá wọn sọ̀rọ̀ tó dára díẹ̀.

Àjíkẹ́ dìde. Ó tú ìró òkè ara rẹ̀, ó ku ti abẹ́, ó sì na èyí tó tú náà sí ọmọ rẹ̀.

"Bọ́ aṣọ yẹn, Mujeebah. Ró èyí."

Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un ní ilé-ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ kò tíì fi ohùn bẹ́ẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mujeebah gba ìró náà. Àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàrákàt, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì ń ṣọ́ àyà rẹ̀ bó ti ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Gbèsè oúnjẹ ènìyàn mẹ́wàá ni Àjíkẹ́ jẹ Ọlọ́hun, láti inú irú èyí tí wọ́n ń jẹ nílé. Ó sì jẹ Mujeebah ní gbogbo igi ọsàn tó wà lẹ́bàá ògiri.